ÀMÌ TÍ Ń MÚ ỌKÀN DÚRÓ
Ẹ̀kọ́ fún ẹni tí àrùn jẹjẹrẹ ń ṣe, àti fún ẹbí rẹ̀

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe nípa iṣu tàbí òwú tàbí kajú. Ó jẹ́ nípa ọkàn ẹni tí àìsàn ńlá ń ṣe. Nígbà tí ara bá ń ṣàìsàn, ọkàn náà a máa rẹ̀. Bí ọkàn bá sì rẹ̀ jù, aláìsàn lè fi ìtọ́jú sílẹ̀ láàrin ọ̀nà. Ìdí nìyí tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Bí ẹ bá ka ẹ̀kọ́ yìí tán, ẹ óò mọ nǹkan mẹ́ta:

- ohun tí àmì jẹ́, àti bí ó ṣe ń ran aláìsàn lọ́wọ́;
- bí ẹni kọ̀ọ̀kan ṣe lè yan àmì tirẹ̀ láìná owó;
- ohun tí àmì kò lè ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà tàn yín jẹ.

1. KÍ NI JẸJẸRẸ?

Àwọn tó gbọ́ Faransé máa ń pe àrùn yìí ní kánsẹ̀. Àwa ń pè é ní jẹjẹrẹ, nítorí ó ń jẹ ara díẹ̀díẹ̀.

Ara ènìyàn kún fún ẹ̀yà kéékèèké tí ojú kò lè rí. Ẹ̀yà wọ̀nyí ń dàgbà, wọ́n ń kú, àwọn mìíràn sì ń rọ́pò wọn. Gbogbo rẹ̀ ní ètò. Nínú jẹjẹrẹ, díẹ̀ nínú wọn kọ ètò sílẹ̀. Wọ́n ń pọ̀ sí i ṣáá bí èpò nínú oko. Bí a kò bá tètè ro èpò náà, yóò gba oko, yóò sì tàn dé oko ẹlòmíràn.

Jẹjẹrẹ lè mú ọyàn, ẹnu ilé ọmọ, ẹ̀dọ̀, ẹ̀jẹ̀ tàbí ibòmíràn nínú ara. Ó ń ṣe obìnrin, ó ń ṣe ọkùnrin, ó sì ń ṣe ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́kàn:

- A kì í kó jẹjẹrẹ lára ẹni tó ní in. Ẹ lè bá a jẹun nínú abọ́ kan. Ẹ lè bá a sùn lórí ẹní kan. Ẹ lè dì mọ́ ọn.
- Jẹjẹrẹ kì í ṣe ìtìjú. Kì í ṣe ẹ̀san iṣẹ́ ibi.
- Bí a bá tètè rí i, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń rí ìwòsàn. Kókó nínú ọyàn tí kò dunni, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó tún dé lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, gbogbo wọn ló yẹ kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà rí kíákíá.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn dókítà sábà máa ń gbà tọ́jú rẹ̀. Èkíní ni iṣẹ́ abẹ. Èkejì ni oògùn líle, tí wọ́n sábà máa ń fi omi fà sínú iṣan. Ẹ̀kẹta ni ìtànṣán tí ẹ̀rọ ń rán sí ibi tí àrùn náà wà. Ìtọ́jú yìí kì í parí lọ́jọ́ kan. Oògùn líle náà lè jẹ́ ìgbà mẹ́rin, ìgbà mẹ́fà tàbí ìgbà mẹ́jọ, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì wà láàrin ìgbà kan àti èkejì. Ó lè mú kí inú máa ru, kí ènìyàn máa bì, kí irun orí sì já.

Fún ará Bessé, ìrìnàjò tún wà níbẹ̀. A ó kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn ní Ṣábẹ̀. Láti ibẹ̀, wọ́n lè ní kí a lọ sí Pàrákú, tàbí sí ilé ìwòsàn ńlá CNHU ní Kútọnu. Ọ̀nà jìn, owó ń lọ, ẹ̀rù sì ń ba ènìyàn. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń padà sẹ́yìn. Àmì kò lè san owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó lè ran ènìyàn lọ́wọ́ lórí ẹ̀rù àti ìtìjú.

2. KÍ NI ÀMÌ?

Àmì ni ohun tí a lè rí tàbí tí a lè gbọ́, tó ń mú wa rántí ohun tí a kò lè rí.

Ẹ wo ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí. Kí ẹ tó kọ́ ìwé kíkà, ìlà dúdú lásán ni lẹ́tà jẹ́ lójú yín. Nísinsìnyí, ó ń bá yín sọ̀rọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì. Kò yí padà. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ ìtumọ̀ rẹ̀.

Kí ìwé tó dé, àwọn baba ńlá wa ti ń lo àmì. Wọ́n ń pa àrokò ránṣẹ́ sí ara wọn. Ẹni tó bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ń sọ pé, “Ọkàn mi fà sí ọ,” nítorí pé ẹẹ́fà àti fífà jọra létí. Ẹni tó bá di mẹ́jọ ránṣẹ́ ń sọ pé, “Ọ̀rọ̀ wa jọ, a jọ wà pọ̀ ni.” Owó ẹyọ náà kò ní ẹnu. Síbẹ̀, ẹni tó gbà á gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ẹ tún gbé ojú sókè, ẹ wo àwọn òkè olókùúta ilẹ̀ Ṣábẹ̀. Láàrin ọdún 1800 sí 1900, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ń kọlu ilẹ̀ yìí, orí òkè ni àwọn ènìyàn sá lọ. Wọ́n fi òkè ṣe ibi ìsádi. Láti ìgbà náà, òkè wọ̀nyí ti di àmì fún ọmọ Ṣábẹ̀. Ọmọ Ṣábẹ̀ tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, bó bá ti rí òkè náà lókèèrè, yóò mọ̀ pé òun ti délé.

Ẹ kíyè sí ohun kan níhìn-ín. Òkè kò jagun. Òkè kò yin ìbọn, kò sì ta ọfà. Àwọn ènìyàn ni wọ́n jà. Ohun tí òkè ṣe fún wọn ni pé ó fún wọn ní ibi tí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àmì rí fún ẹni tí jẹjẹrẹ ń ṣe. Àmì kì í bá jẹjẹrẹ jà. Iṣẹ́ abẹ àti oògùn ni ó ń bá a jà. Àmì ń fún aláìsàn ní ibi tí ọkàn rẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀, kí ó lè dúró gba ìtọ́jú náà dé òpin.

3. ÀWỌN TÓ TI LO ÀMÌ

Ìgò omi Terry Fox

Terry Fox jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ará Kánádà. Ní ọdún 1977, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 18, wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú egungun ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún. Ó rí àwọn ọmọdé tí àrùn yìí ń ṣe ní ọsibítù, àánú wọn sì ṣe é. Ó pinnu láti fi ẹsẹ̀ onírin sáré la gbogbo ilẹ̀ Kánádà já, kí àwọn ènìyàn lè dá owó fún ìwádìí nípa jẹjẹrẹ.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin ọdún 1980, ó dúró létí òkun ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà. Ó ti ẹsẹ̀ onírin rẹ̀ bọ omi. Ó bu omi òkun sínú ìgò láti gbé lọ. Ó fẹ́ da omi náà sínú òkun kejì ní ìwọ̀-oòrùn, lọ́jọ́ tó bá dé ibẹ̀. Omi inú ìgò yẹn ni àmì rẹ̀. Ó ń sọ fún un pé, “Ibì kan wà tí o ń lọ.”

Ó sáré fún ọjọ́ 143. Ó rin kìlómítà 5,373. Èyí tó nǹkan bí ìrìnàjò Ṣábẹ̀ sí Kútọnu ní ìgbà ogún. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1980, ó ní láti dúró, nítorí jẹjẹrẹ ti dé inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó kú ní oṣù kẹfà ọdún 1981, ní ọmọ ọdún 22. Kò dé òkun kejì. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1981, àwọn ènìyàn ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ń sáré lọ́dọọdún ní orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń dá owó fún ìwádìí jẹjẹrẹ.

Ìlẹ̀kẹ̀ àwọn ọmọdé

Ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, àwọn ọsibítù kan ń fún ọmọdé tí jẹjẹrẹ ń ṣe ní ìlẹ̀kẹ̀. Orúkọ ètò náà ni Beads of Courage, ìyẹn ìlẹ̀kẹ̀ ìgboyà. Bí ọmọ bá gba abẹ́rẹ́, ó gba ìlẹ̀kẹ̀ kan. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó gba òmíràn. Bí ó bá sun ọsibítù mọ́jú, ó gba òmíràn. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ọmọ náà ń sin ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sínú okùn. Bí ó bá gbé okùn náà dání, ó ń rí gbogbo ohun tó ti là kọjá. Kò lè sọ mọ́ pé, “N kò lè ṣe é.” Ìlẹ̀kẹ̀ náà ń fi hàn án pé ó ti ń ṣe é.

Ríbọ́ọ̀nù àwọn obìnrin Ìbàdàn

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó máa ń fi jẹjẹrẹ ọyàn pamọ́. Ní ọdún 1997, wọ́n rí àrùn yìí lára Betty Anyanwu-Akeredolu. Ó gba ìtọ́jú, kò sì fi í pamọ́. Ní ọdún yẹn kan náà, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn tí à ń pè ní BRECAN. Ẹgbẹ́ náà ń kọ́ àwọn obìnrin nípa jẹjẹrẹ ọyàn, ó sì ń ran àwọn tó ní in lọ́wọ́.

Lọ́dún tó kù díẹ̀ kí ẹgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀, ìyẹn láti nǹkan bí ọdún 1992, ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ píǹkì ti di àmì jẹjẹrẹ ọyàn káàkiri ayé. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lásán ni. Ṣùgbọ́n obìnrin tó bá rí i láyà ẹlòmíràn yóò mọ̀ pé, “Èmi nìkan kọ́.” Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ó sì lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ìtìjú.

Igi Wangari Maathai

Wangari Maathai jẹ́ obìnrin ará Kẹ́ńyà. Ní ọdún 1977, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbin igi méje ní ìlú Nairobi. Láti ibẹ̀, àwọn obìnrin oko bẹ̀rẹ̀ sí gbin igi káàkiri Kẹ́ńyà, títí igi náà fi di ọ̀kẹ́ àìmọye. Ní ọdún 2004, ó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà. Òun ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Nígbà tó gbọ́ ìròyìn ayọ̀ náà, igi ni ó gbìn láti fi yọ̀.

Ó kú ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 2011. Jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin ni ó pa á. Ó ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gé igi láti fi ṣe pósí òun. Oparun, eèsún inú omi àti koríko tó ń bo ojú omi ni wọ́n fi ṣe é. Títí dé ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, igi ni àmì rẹ̀. Àìsàn kò gba ẹni tí ó jẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ti rí i pé méjì nínú àwọn tí a dárúkọ wọ̀nyí kú. A kò fi í pamọ́ fún yín. Àwọn àgbà sọ pé, “Àìsàn là á wò, a kì í rí tọlọ́jọ́ ṣe.” Àmì kì í ṣe ìlérí pé ara yóò yá. Ṣùgbọ́n yálà ara yá tàbí kò yá, ó dára kí ènìyàn má gbàgbé ẹni tí òun jẹ́.

4. BÍ Ẹ ṢE LÈ YAN ÀMÌ TIYÍN

Ẹ kò nílò ríbọ́ọ̀nù láti òkè òkun. Ohun tí ẹ mọ̀, tí ẹ fẹ́ràn, tó wà nítòsí yín, ni ó dára jù. Ẹ wo àpẹẹrẹ márùn-ún yìí.

Iṣu. Gbogbo àgbẹ̀ tó ń gbin Laboko mọ̀ pé nígbà tí iṣu bá kọ́kọ́ tó, a kì í fa ìtàkùn rẹ̀ tu. A ó rọra tú ebè, a ó gé iṣu, a ó sì fi erùpẹ̀ bo gbòǹgbò padà. Ìtàkùn náà kò kú. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó tún ta iṣu mìíràn, tí a ó fi ṣe èbù ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tí wọ́n gé ọyàn tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè fi èyí ṣe àmì. Ohun tí wọ́n gé kò ní hù padà. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ṣì wà nínú ilẹ̀. Ó ṣì lè tọ́ ọmọ, ó ṣì lè gba ará ilé nímọ̀ràn, ó ṣì lè rẹ́rìn-ín.

Gèlè. Nígbà tí oògùn líle bá mú kí irun já, ojú máa ń ti obìnrin púpọ̀. Irun sábà máa ń hù padà lẹ́yìn ìtọ́jú. Kí ó tó hù, gèlè tí ìyá ẹni fi sílẹ̀, tàbí èyí tí ẹni wé lọ́jọ́ ìgbéyàwó, lè di àmì. Yóò máa rán an létí pé ìdílé kan wà lẹ́yìn òun.

Oríkì. Àmì kò ní láti jẹ́ ohun tí à ń fọwọ́ kàn. Bí wọ́n bá ki ènìyàn ní oríkì rẹ̀, orí rẹ̀ a wú, ara rẹ̀ a sì le díẹ̀. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ ní kí ìyá àgbà tàbí ọmọ tó mọ oríkì yín máa kì yín láràárọ̀. Ẹ tún lè mú un lọ sí ọsibítù, kí ẹ máa sọ ọ́ sínú nígbà tí wọ́n bá ń wá iṣan láti gún yín lábẹ́rẹ́.

Ohun ìjọsìn. Mùsùlùmí lè mú tẹ̀sùbáà rẹ̀ dání. Kristẹni lè mú àgbélébùú tàbí rósárì. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ náà mọ ohun tí ọkàn rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé. Kí ẹnikẹ́ni má fi ohun ìjọsìn tirẹ̀ dandan mú aláìsàn. Ọkàn aláìsàn ni ó yẹ kó yàn án.

Òkúta kíkà. Èyí dára púpọ̀ fún ẹni tí ìtọ́jú rẹ̀ pọ̀. Ẹ bi dókítà léèrè pé, “Ìgbà mélòó ni màá gba oògùn yìí?” Bí ó bá ní ìgbà mẹ́fà, ẹ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́fà sínú igbá kan. Ẹ wá igbá kejì tó ṣófo. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti gba ìtọ́jú dé, ẹ mú òkúta kan láti igbá àkọ́kọ́ sínú èkejì. Kí àwọn ọmọ ilé wà níbẹ̀ kí wọ́n bá yín yọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lọ́jọ́ tí ọkàn bá rẹ̀ yín, ẹ wo igbá kejì, kí ẹ rí ibi tí ẹ ti bá iṣẹ́ dé. Ẹ má lo èso kajú tútù fún èyí, nítorí omi inú èèpo rẹ̀ máa ń jó awọ ara.

Bí ẹ bá ti yan àmì kan, ẹ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán. Àmì tí ènìyàn méjì mọ̀ lágbára ju èyí tí ẹnì kan fi pamọ́.

5. ÀMÌ LÈ SỌ̀RỌ̀ FÚN ALÁÌSÀN

Ìgbà mìíràn, ó máa ń rẹ aláìsàn débi pé kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn àlejò ń wọlé, wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà. Aláìsàn kò fẹ́ lé wọn. Àrokò lè ràn án lọ́wọ́. Kí ẹbí fẹnu kò lórí aṣọ méjì. Aṣọ funfun lẹ́nu ọ̀nà túmọ̀ sí pé, “Ẹ wọlé, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.” Aṣọ aró túmọ̀ sí pé, “Ó rẹ̀ mí. Ẹ kí mi láti ìta, ẹ padà wá lọ́la.”

Ká sọ pé obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kútọnu dé sí Bessé lẹ́yìn ìtọ́jú. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wá kí i.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìnira. Ara ń kọ́?”

“Ó ń sàn díẹ̀díẹ̀, àbúrò mi.”

“Ṣé kí n jókòó tì yín ni, àbí kí n jẹ́ kí ẹ sinmi?”

“Ṣé o kò rí ẹnu ọ̀nà ni? Aṣọ funfun ni mo so. Jókòó. Ẹ̀rù ìgbà kẹta ń bà mí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnì kan.”

“Ẹ sọ ọ́ fún mi, ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́jọ́ náà, èmi ni màá bá yín lọ.”

Ẹ rí i bí aṣọ kan ṣe ṣí ọ̀nà fún ọ̀rọ̀ náà. Bí kò bá sí i, ó ṣeé ṣe kí àbúrò yìí kí i láti ìta kó sì máa lọ, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì máa dá gbé ẹ̀rù rẹ̀.

6. OHUN TÍ ÀMÌ KÒ LÈ ṢE

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka apá yìí lẹ́ẹ̀mejì.

- Àmì kì í ṣe oògùn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé, “Ẹ ra ìlẹ̀kẹ̀ yìí, ẹ ra òrùka yìí, ẹ má lọ sí ọsibítù mọ́,” owó yín ni ó ń wá. Nígbà tí ẹ bá fi ń dúró dè é, jẹjẹrẹ kò dúró dè yín.
- Ẹ má fi ewé, ìyẹ̀fun tàbí ohunkóhun sí ojú egbò láì sọ fún nọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ fún dókítà. Àgbo mìíràn máa ń bá oògùn líle jà nínú ara.
- Bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọyàn fún yín, tí wọ́n sì yọ kókó abẹ́ apá, ẹ má so okùn, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí òrùka tó há mọ́ apá ẹ̀gbẹ́ yẹn. Apá náà lè wú. Ẹ so àmì yín mọ́ apá kejì, tàbí kí ẹ fi sínú àpò.
- Kí ẹ tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, tàbí kí ẹ̀rọ tó ya àwòrán inú ara yín, wọ́n lè ní kí ẹ bọ́ ohun tó wà lọ́rùn àti lọ́wọ́ yín. Ẹ bọ́ ọ, kí ẹ fún ẹni tó bá yín lọ. Ẹ má bẹ̀rù. Ìtumọ̀ rẹ̀ wà nínú ọkàn yín, kò sí lórí ara yín.
- Bí ara yín bá gbóná nígbà tí ẹ ń gba oògùn líle, tó dé ìwọ̀n 38, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn náà lè ti dín agbára tí ara fi ń lé àrùn kù. Ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.
- Bí aláìsàn kò bá sùn mọ́, tí kò jẹun mọ́, tí kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni, tàbí tó ń sọ pé òun fẹ́ kú, àmì nìkan kò tó. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Ìtọ́jú wà fún ìbànújẹ́ ọkàn náà, oògùn sì wà fún ìrora.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, ó sì ṣe pàtàkì. Bí àrùn bá le sí i, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún aláìsàn pé, “Ọkàn rẹ ni kò le tó.” Irọ́ ni. Ọkàn Terry Fox le, jẹjẹrẹ sì pa á. Ẹni tó ń sunkún lónìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò sí ẹni tí kò lè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sunkún, kí ẹ jókòó tì í.

7. IṢẸ́ ẸBÍ ÀTI ARÁ ÀDÚGBÒ

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ̀yin tí ara yín le, ẹ lè ṣe nǹkan wọ̀nyí:

- Kí ẹnì kan bá aláìsàn lọ sí ọsibítù, kó sì kọ ọjọ́ ìtọ́jú tó kàn sílẹ̀. Ẹ ti mọ̀wé báyìí. Ẹ lo ìmọ̀ yín.
- Kí ẹgbẹ́ ẹ̀ẹ́sú tàbí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ bá a dá owó ọkọ̀.
- Kí àwọn ọ̀dọ́ bá a ro oko rẹ̀. Oko tí èpò kò bò jẹ́ àmì fún ẹni tó ń ṣàìsàn. Ó ń sọ fún un pé, “A ń retí rẹ.”
- Ẹ bi í léèrè kí ẹ tó mú ohun kan wá. Ohun tí ń fún ẹnì kan lókun lè dẹ́rù ba ẹlòmíràn.

8. Ẹ RÁNTÍ

Àmì ń ran ọkàn lọ́wọ́. Ìtọ́jú ń bá àrùn jà. A nílò méjèèjì.
Àmì tó dára kì í ná owó. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń tà á.
A kì í kó jẹjẹrẹ lára ẹni tó ní in. Ẹ sún mọ́ ọn.

9. ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

Ẹ jókòó pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yín, kí ẹ dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí.

1. Kí ni òkè Ṣábẹ̀ ṣe fún àwọn baba ńlá wa? Kí ni kò ṣe?
2. Kí ló dé tí a fi ní kí ẹ fi òkúta ka iye ìgbà tí ẹ ti gba ìtọ́jú?
3. Ẹnì kan wá tà yín ní òrùka, ó ní ó ń wo jẹjẹrẹ. Kí ni ẹ óò sọ fún un?
4. Apá wo ni kí obìnrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọyàn fún má ṣe so okùn mọ́? Kí nìdí?
5. Ṣé ẹ mọ ẹnì kan tí ó ń dá gbé àìsàn rẹ̀? Kí ni ẹgbẹ́ yín lè ṣe fún un lọ́sẹ̀ yìí?

10. IṢẸ́ ÌKỌ̀WÉ

Ẹ mú bírò àti ìwé. Ẹ kọ orúkọ ohun kan tí ń fún yín lókun nígbà ìṣòro. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ gbólóhùn kan tó sọ ìdí rẹ̀. Ẹ kà á sí etí ẹnì kejì yín. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ tirẹ̀.